Ẹ Má Dí Dókítà Lọ́wọ́

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ìlera sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ wa, ní Ìjẹ̀bú-Òde)

      

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ owó la máa ń sọ níbi ayẹyẹ yìí. Ẹni tó jẹ gbèsè kó san. Ẹni tó ṣe onídùúró kó rántí pé ọrùn ara rẹ̀ ló fi dúró. Lọ́dún yìí, àwọn ọ̀gá wa ní kí àwa ìgbìmọ̀ ètò ìlera sọ̀rọ̀. A jókòó, a rò ó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rọ̀ ibà, gbogbo rẹ̀ lẹ ti ń gbọ́ lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá, ọ̀rọ̀ òmìnira dókítà ni. Ẹlòmíràn á ní: kí ló kan aláta nínú òmìnira dókítà? Ẹ fara balẹ̀. Ó kàn wá. Àwa gan-an la jẹ̀bi nínú rẹ̀, ibẹ̀ náà la ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ A ṢE

Àwọn àgbà tó wà níjokòó á rántí. Ní ọdún kan, ọjọ́ ayẹyẹ wa ku ọ̀la, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ̀kan nínú wa. Ojú ń ṣú u. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó sì ní kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀, obìnrin yìí ni olórí ètò ayẹyẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó ankó wà, òun ló mọ ẹni tó gba abẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí kò tíì gbà, òun ló bá alásè àti onílù sọ̀rọ̀.

A kó ara wa jọ, àwa mẹ́fà, a gbọ̀nà ọsibítù. A ní kí dókítà kọ̀wé fún un kó máa bá wa lọ, a ó dá a padà lálẹ́ ọ̀la tí ayẹyẹ bá ti parí. Dókítà náà kéré, kò ju ọmọ tí a bí kẹ́yìn lọ, obìnrin bíi tiwa ni. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, mi ò lè kọ irú ìwé yẹn. Ẹ̀jẹ̀ wọn ga jù. Bí wọ́n bá lọ jó nínú oòrùn báyìí, wọ́n lè ṣubú, apá kan ara wọn sì lè rọ."

Ṣé ẹ rò pé a gbọ́? A bínú. Ọ̀kan nínú wa mọ ẹni tó ni ọsibítù, ìdílé kan náà ni wọ́n ti fẹ́yàwó. Ó pè é lórí fóònù lójú wa. Ọ̀gá pe dókítà. A ò gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ, ṣùgbọ́n a gbọ́ èsì tí ọmọ náà fún un: "Ọ̀gá, bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa lọ, ẹ wá kọ ọ́, kí ẹ sì fọwọ́ yín sí i. Ọwọ́ tèmi kọ́." Ọ̀gá kò wá. Obìnrin wa kò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. A jáde pẹ̀lú ìbínú, a pe ọmọ náà ní alágídí, a sì búra pé ara ọjà kankan kò ní í gbé aláìsàn débẹ̀ mọ́.

Ayẹyẹ kọjá. Lọ́jọ́ karùn-ún, obìnrin wa délé, ara rẹ̀ dá. Kí la wí? A ní, "Ṣé ẹ rí i, nǹkan kan kò kúkú ṣe é! Asán ni wọ́n fi dá a dúró." Ọdún mélòó kan kọjá kó tó yé wa pé nǹkan kan kò ṣe é nítorí pé wọ́n dá a dúró ni. Iṣẹ́ dókítà tó yanjú kì í láriwo. Bí iṣu bá jiná, ta ló máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ iná?

Ohun méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó ṣì ń dùn wá. Èkíní, nínú àwa mẹ́fà, kò sí ẹni tó bi aláìsàn pé kí ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì ló tó sọ fún wa pé òun fẹ́ dúró lọ́jọ́ náà, ojú wa ló ti òun tí òun kò fi lè sọ ọ́. Èkejì, nígbà tí a padà sí ọsibítù yẹn lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. A ò bèèrè ìdí. Bóyá òun ló fúnra rẹ̀ lọ, bóyá fóònù tí a pè ló lé e lọ, a ò mọ̀. Àìbèèrè yẹn gan-an ni ẹ̀bi wa.

OBÌNRIN TÍ WỌN KÒ RÍ LỌ́WỌ́ DÍ

Nígbà tó di ọdún 2014, a gbọ́ ìtàn dókítà mìíràn, ìtàn náà sì mú kí tiwa padà sí wa lọ́kàn. Gbogbo yín lẹ mọ orúkọ rẹ̀: Dókítà Ameyo Stella Adadevoh.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1956 ni wọ́n bí wọn. Ìran Herbert Macaulay ni wọ́n, ìran Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ìṣègùn ni bàbá wọn, òun náà sì ti ṣe gíwá Yunifásítì Èkó rí. Ilé ìwòsàn First Consultants ní Obáléńdé, ní Èkó, ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún tó lé ní ogún.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan wọ bàlúù láti Làìbéríà, ó sọ̀ sí Èkó, ó sì ṣubú ní pápákọ̀ òfurufú. Patrick Sawyer ni orúkọ rẹ̀. Ìpàdé kan ló ń lọ ní Calabar. Ẹ rántí pé àwọn dókítà ìjọba wà lórí ìyanṣẹ́lódì lákòókò náà, ọsibítù aládàáni sì ni wọ́n gbé e lọ. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Dókítà Adadevoh yẹ̀ ẹ́ wò, ara fu wọ́n. Wọ́n bi í bóyá ó ti sún mọ́ ẹni tó ní Èbólà. Ó ní rárá. Bẹ́ẹ̀, Èbólà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pa arábìnrin rẹ̀ ní Làìbéríà. Wọ́n ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi tó ìjọba létí.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ lọ. Àwọn aṣojú ìjọba Làìbéríà ń pè lórí fóònù, wọ́n ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó lọ sí ìpàdé rẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe dá a dúró, ìjínigbé ni, wọ́n ń tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, àwọn yóò sì pe ọsibítù lẹ́jọ́. Èsì àyẹ̀wò kò tíì dé o! Bí èsì bá dé tó sì jẹ́ ibà lásán, ta ni ìtìjú máa bá? Dókítà Adadevoh ni. Síbẹ̀, wọ́n ní nítorí ire gbogbo ìlú, ọkùnrin yìí kò ní í jáde. Ẹ sì fetí sí èyí dáadáa: olórí ọsibítù náà, Dókítà Benjamin Ohiaeri, dúró ti òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò ní kó tú u sílẹ̀ nítorí ẹni ńlá.

Èsì dé: Èbólà ni. Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù keje. Àrùn ti ran àwọn tó tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ, Dókítà Adadevoh kú. Àwọn mìíràn nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ọsibítù náà kú pẹ̀lú. Ẹni kan tó ti bá Sawyer ní àṣepọ̀ lọ sí Port Harcourt, ó kó o ran dókítà kan níbẹ̀, dókítà náà kú.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa ènìyàn tó tó 894, wọ́n ń lọ bá wọn nílé lójoojúmọ́ wọn ara wọn bóyá ó gbóná. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ènìyàn 20 ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 ló kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ẹ wá fi wé Gínì, Làìbéríà àti Sàró, níbi tí àrùn náà ti mú ènìyàn tó lé ní 28,000, tó sì pa ju 11,000 lọ.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ jẹ́ kí a ronú. Nínú wa, ta ni kì í lọ sí Èkó? Ọkọ̀ ń kúrò láàárọ̀, ó ń dé lálẹ́, ìfarakanra ni nínú ọkọ̀, ìfarakanra ni ní Ìdúmọ̀tà, owó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Bí ọkùnrin yẹn bá jáde kúrò ní Obáléńdé sáàárín èrò, ọjọ́ mélòó ni àrùn náà máa lò kó tó dé ìsọ̀ wa? Ẹ ṣì rántí bí ẹ̀rù ṣe bà wá. Ẹ rántí òru tí wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù pé kí wọ́n mu omi iyọ̀, kí wọ́n fi wẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wa ta iyọ̀ tán kí oòrùn tó là. Orógbó wọ́n gógó. Kò sí ẹyọ kan nínú ìyẹn tó gbà wá. Ohun tó gbà wá ni pé obìnrin kan sọ pé "rárá" nígbà tí ẹni ńlá ń pè é.

KÍ NI ÒMÌNIRA YÌÍ?

Nígbà tí dókítà bá parí ẹ̀kọ́, kó tó gba ìwé àṣẹ, ó máa ń búra. Lára ìbúra náà ni pé ìlera aláìsàn ni òun yóò kọ́kọ́ máa rò, pé ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ìṣèlú tàbí ipò ẹnikẹ́ni kò ní í dúró sáàárín òun àti iṣẹ́ òun, àti pé òun kò ní í tú àṣírí aláìsàn, kódà lẹ́yìn tí ó bá ti kú. Láti ọdún 1948 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà gbogbo àgbáyé ti gbé irú ìbúra yìí kalẹ̀. Ní ọdún 2008, wọ́n tún péjọ sí Seoul, ní Kòríà, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé dókítà gbọ́dọ̀ lè fi ọgbọ́n orí àti ìmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ pinnu ohun tó dára fún aláìsàn, láìsí pé ẹnikẹ́ni láti ìta ń fi agbára tì í.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àkàwé. Ẹni tó ń wọn gàrí, kóńgò ló fi ń wọ̀n ọ́n. Bí baba ìsàlẹ̀ bá ní kó ti ìdí kóńgò wọnú nígbà tó bá ń wọ̀n fún àlejò, kó sì wọ̀n ọ́n kún fún ará ilé, ṣé òṣùwọ̀n ṣì ni? Ọgbọ́n orí dókítà ni kóńgò rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lónìí nítorí pé ó ṣe é láǹfààní, ó yẹ kó rántí pé kóńgò tó ti tẹ̀ yẹn náà ni wọn yóò fi wọ̀n fún òun lọ́la.

Ta ló wá ń tẹ̀ ẹ́? Ọwọ́ pọ̀.

Ọwọ́ èkíní ni ẹni tó ni ọsibítù, tó bá ń ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tí kò pọn dandan, tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún aboyún tó lè fi ara rẹ̀ bí, nítorí owó. Ọwọ́ kejì ni àwọn tó ń ta oògùn, tí wọ́n ń gbé ẹ̀bùn wá kí wọ́n lè máa kọ oògùn tiwọn nìkan. Ọwọ́ kẹta ni olóṣèlú àti ọlọ́pàá, tí wọ́n bá fẹ́ kí dókítà pa irọ́ nípa ẹni tí wọ́n lù tàbí ẹni tó kú. Ọwọ́ kẹrin ni ẹbí, tó ń ní "ẹ má sọ fún un pé àìsàn báyìí ló ń ṣe é," bí ẹni pé ara kì í ṣe ti aláìsàn.

Ọwọ́ karùn-ún ńkọ́? Ọwọ́ tiwa ni. Àwa la máa ń lọ bá dókítà pé bí kò bá fún wa lábẹ́rẹ́, kò tíì tọ́jú wa. Àwa la máa ń ní kó fa omi sí wa lára nígbà tó jẹ́ pé oorun ló ń wù wá. Bí ó bá kọ̀, a ó bọ́ sí kẹ́mísì tó kángun sí wa, a ó ní kí wọ́n pò ó pọ̀ fún wa. Ẹ má bínú o, a fẹ́ sọ òótọ́: nínú ẹgbẹ́ yìí, a ti rí ìwé dókítà tí wọ́n fi ń tọrọ ìsúnsíwájú gbèsè, tó jẹ́ pé ara ẹni tó mú un wá le koko. Ẹni tó bẹ̀ ẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ran dókítà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí aláìsàn tòótọ́ bá mú ìwé tirẹ̀ wá, tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó sì ń fi ojú irọ́ wò ó, ta ló fà á?

DÓKÍTÀ KÌ Í ṢE ỌBA

Ẹ má ṣì wá gbọ́. A kò wí pé kí dókítà máa ṣe bó ṣe wù ú. Òmìnira rẹ̀, nítorí aláìsàn la ṣe fún un. Kò gbà á lọ́wọ́ aláìsàn.

Ẹjọ́ kan wà tí Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ní ọdún 2001. Obìnrin kan, ẹlẹ́rìí Jèhófà, ṣàìsàn lẹ́yìn ìbímọ ní ọdún 1991. Ẹ̀jẹ̀ ló nílò. Ó ní ìgbàgbọ́ òun kò gba ẹ̀jẹ̀, ó fọwọ́ síwèé. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Dókítà Okonkwo, ẹni tó tọ́jú rẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí dá dókítà náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ilé-ẹjọ́ sọ pé kò jẹ̀bi: àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé ló ni ara rẹ̀, bó bá kọ ìtọ́jú kan, dókítà kò lè fi tipátipá ṣe é.

Ẹlòmíràn á bèèrè pé, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kò wá ta ko ti Adadevoh? Kò ta kò ó. Obìnrin yẹn kọ ohun tó jẹ́ pé òun nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Èbólà kì í mọ sí ara ẹnìkan. Ẹni tó bá gbé iná lọ́wọ́ kò lè sọ pé òmìnira òun ni láti gba àárín ìsọ̀ aláṣọ kọjá.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní ọdún 1996. Àrùn tó ń mú ọrùn gan, tó ń ba awọ ọpọlọ jẹ́, ń pa àwọn ọmọdé. Iléeṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà wá dán oògùn tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára wọn. Nǹkan bí ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Mọ́kànlá kú, àwọn mìíràn sì di aláàbọ̀ ara. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn kò jẹ̀bi, pé àrùn ló pa wọ́n, ṣùgbọ́n ní ọdún 2009 wọ́n bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò parí ẹjọ́ pẹ̀lú owó dọ́là mílíọ̀nù 75. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé kí a máa bèèrè. Bíbèèrè ọ̀rọ̀ kì í ṣe àrífín.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ẹ̀tọ́ wa, kí àwọn ọmọ wa gé e lẹ̀ mọ́ ara ògiri.

Ìkíní: ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ń ṣe yín, ìtọ́jú tó wà, ewu tó wà níbẹ̀ àti iye owó rẹ̀, ní èdè tó yé yín. Bí dókítà bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá, tàbí kí nọ́ọ̀sì ṣe ògbufọ̀. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2018 náà sì sọ ọ́.

Ìkejì: obìnrin tó ti dàgbà, tí ọpọlọ rẹ̀ sì pé, ló ni ọwọ́ tí yóò fi fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ ara rẹ̀. Ó dára kí ọkọ mọ̀, ó dára kí ẹbí gbà. Ṣùgbọ́n kí aboyún máa kú lọ nígbà tí wọ́n ṣì ń wá ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, òfin kọ́ ló wí bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta: Òfin ọdún 2014 yẹn kan náà ní ọsibítù kankan, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ láìnídìí lè san owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Bó bá sì jẹ́ ẹni tí ìbọn bà, òfin ọdún 2017 ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ ná, wọn kò gbọ́dọ̀ ní kó lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá.

Ìkẹrin: àṣírí yín, ti yín ni. Ẹgbẹ́ yìí pàápàá kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ bi dókítà pé àìsàn wo ló ń ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kó tó dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó rẹ̀. Bí a bá bi í, kó má dá wa lóhùn.

Ìkarùn-ún: bí dókítà bá ṣe àṣemáṣe, ibi tí a ń fi ẹjọ́ sùn wà. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní MDCN, lágbára láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ni kí ẹ kọ, ẹ má kó ọmọọta lọ bá a.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

A kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sí àtẹ́wọ́. Ohun mẹ́ta la gbé síwájú ìpàdé ńlá.

Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ ní àpò ọsibítù, tí yóò dá yàtọ̀ sí àpò ẹ̀yáwó. Kí olúkúlùkù máa dá iye kékeré kan sínú rẹ̀ lósooṣù. Ìdí rẹ̀ ni pé owó ni okùn tí wọ́n fi ń so dókítà lọ́wọ́ jù lọ. Dókítà tó mọ̀ pé aláìsàn kò lówó, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń wo ojú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ ṣe ohun tó yẹ. Bí owó bá wà nílẹ̀, àyẹ̀wò tó bá pọn dandan á ṣeé ṣe, a ó sì lè fi ẹnu gbọọrọ bèèrè ìdí èyí tí kò pọn dandan.

Ìkejì, kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó má fi agbára wá ìwé dókítà mọ́ kó tó sún gbèsè síwájú fún ẹni tó ń ṣàìsàn. Kí a rán èèyàn méjì lọ kí i nílé, kí wọ́n fojú rí i. Bẹ́ẹ̀ la ò ní í máa ti dókítà sínú irọ́.

Ìkẹta, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wà ní ọsibítù, kí èèyàn méjì péré máa lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí aláìsàn fúnra rẹ̀ yàn. Kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu wọn jẹ́, "Kí ni aláìsàn fẹ́?" Kí èkejì jẹ́, "Dókítà, ẹ là á yé wa." A ò gbọ́dọ̀ pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù láti fi dẹ́rù bà á.

Ẹ̀yin èèyàn wa, obìnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ wà níjokòó lónìí, ara rẹ̀ le, ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láràárọ̀, òun ló sì ní kí a sọ ọ́. Dókítà kékeré yẹn la ò rí mọ́. A ti bèèrè káàkiri, ẹnìkan ní ó ti lọ sókè òkun, ẹlòmíràn ní Abẹ́òkúta ló wà. Ìwé ẹgbẹ́ wa yìí máa ń rìn jìnnà, àwọn ọmọ yín máa ń mú un dání lọ síbi iṣẹ́. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ìwọ ọmọ wa tí o kúnlẹ̀ kí àwa mẹ́fà lọ́jọ́ náà, tí o sì dìde kọ̀ fún wa: a jẹ̀bi. Má bínú. A dúpẹ́ pé o kò gbọ́ tiwa.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Dókítà Adadevoh àti gbogbo àwọn tó bá wọn lọ sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó má jẹ̀ẹ́ kí a ríjà àìsàn. Bí a bá sì máa dé ọsibítù, kó jẹ́ pé dókítà tó lè wo ojú ẹni ńlá sọ òótọ́ la ó bá níbẹ̀. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ọdún láyé.